Ẹ̀yin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ẹ sọ ọ̀rọ̀ òrí àti ìpara fún wa kí a tó kúrò nílé

Àsìkò ìrìnàjò tún ti dé. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀, láti Pobẹ̀ dé Àjàṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò, àwọn ìyá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní Faransé, ní Bẹ́ljíọ̀mù àti ní Kánádà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń lọ kàwé. Àwọn mìíràn ń lọ ṣòwò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, èyí tí kò fàyè gba ju báàgì kékeré kan lọ, báàgì tí èèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọnú ọkọ̀.

Ibi àyẹ̀wò ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ààbò á ní kí ìyá ṣí báàgì. Á yọ ike òrí, á yọ ìgò àdín, á yọ ìpara, oyin àti àgbo ọmọ. Gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí lójú ẹni tó ni ín. Èrò á máa wò, ìlà á máa gùn lẹ́yìn, ìyá á máa béèrè ohun tí òun ṣe, kò sì ní sí ẹni tó máa fi èdè tó gbọ́ dá a lóhùn.

Èrò wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. A kò bá òfin tó ní kí wọ́n gba àwọn nǹkan wọ̀nyẹn jà. Ẹni tó gbowó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá náà, tó mọ òfin yìí, tí kò sì sọ ọ́ fún un, òun là ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan rò pé nítorí àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ọwọ́ àwọn tẹ àwọn èèyàn kan tó ń gbèrò láti fi bọ́ǹbù olómi ba ọkọ̀ òfurufú jẹ́. Inú ìgò ohun mímu ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ǹbù náà pamọ́ sí, kí wọ́n gbé e wọ àwọn ọkọ̀ tó ń lọ láti London sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, European Union fi òfin lélẹ̀ pé ohun olómi tí èèyàn bá gbé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfurufú kò gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó ju 100 mílílítà lọ. Gbogbo ike kéékèèké náà ní láti wọ inú àpò ọ̀rá kan ṣoṣo tí ó ṣeé dé, tí a sì ń rí inú rẹ̀, tí kò gbà ju lítà kan lọ. Ẹnì kan, àpò kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, gba àwọn orílẹ̀-èdè yòókù nímọ̀ràn láti tẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀. Bó ṣe dé Kútọnu àti Lomé nìyẹn.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, olómi, ló ń rú àwọn èèyàn wa lójú jù. Ní èdè wa, òrí kì í ṣe omi. Òrí tó dì, tí a fi ewé tàbí ọ̀rá wé, kò sí ìyá kan tó máa pè é ní omi. Ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe omi. Oyin kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n lójú òfin yìí, ohun tó bá ń ṣàn, tó bá ń fà, tàbí tó rọ̀ débi tí a fi lè fi ìka kó o pa lára, olómi ni gbogbo rẹ̀. Ìpara wà níbẹ̀, òróró wà níbẹ̀, lọ́fínńdà, ọṣẹ olómi ìfọrí, ọbẹ̀ ata, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá kàn sọ fún ìyá pé kó má gbé omi, ìyá á gbà, á da omi inú ìgò rẹ̀ nù, á sì gbé òrí rẹ̀ lọ láìfura. Kò ṣàìgbọràn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un ni kò pé.

Ohun kejì tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni ti ike. Ike ni òṣìṣẹ́ ààbò ń wò, kò wo ohun tó kù nínú rẹ̀. Bí ike ìpara bá jẹ́ 250 mílílítà, tí ó sì ku ìwọ̀nba tí ìka méjì lè kó nínú rẹ̀, wọ́n ṣì máa gbà á. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ike ni wọ́n ń kà. Ẹni tó rò pé òun ti lò ó dé ìsàlẹ̀, pé kò lè sí wàhálà, á yà á lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni ti ọkọ̀ tó ń dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa kì í lọ tààrà. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ ní Casablanca, ní Addis Ababa, ní Istanbul tàbí ní Paris, kó tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n tún lè yẹ báàgì wò níbẹ̀. Ìgò tí èèyàn rà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ibi àyẹ̀wò ní Kútọnu, tí kò sí nínú ọ̀rá tí ṣọ́ọ̀bù náà fi èdídì dì pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, wọ́n lè gbà á ní ibi ìyíkọ̀. Àwọn pápákọ̀ kan ní Yúróòpù ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń rí inú ìgò dáadáa. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, European Union dá òfin 100 mílílítà padà, kódà ní àwọn ibi tí wọ́n ti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí pápákọ̀ kan gbà lónìí, òmíràn lè má gbà á. Ẹni tó gbọ́n á tẹ̀ lé èyí tó le jù nínú wọn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹ̀bi wà. Òfin 100 mílílítà kò kan ẹrù ńlá tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìyá tó bá ní àyè ẹrù nísàlẹ̀ lè kó ike òrí ńlá síbẹ̀, kó dé e dáadáa, kó sì lọ ní àlàáfíà. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré, tó jẹ́ ti báàgì ọwọ́ nìkan, ló sọ òfin yìí di ìjàngbọ̀n. Ẹni tó ń tà á mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ó mọ̀ pé ìyá kan láti Kétu tó ń lọ tọ́jú aboyún tàbí ìyá ìkókó kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Síbẹ̀, ohun tó máa sọ kò ju pé èyí ló dínwó jù, màmá, ẹ mú un. Tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òun ló máa wà níbẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún oníbàárà, pé kí oníkálukú ka ìwé rẹ̀. A gbọ́. Èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, ojú ìwé rẹ̀ sì pọ̀. Ìyá tó fi Yorùbá ṣòwò fún ogójì ọdún lọ́jà, tó sì ń ṣírò owó láìlo ẹ̀rọ, kì í ṣe òpè. Ẹni tó bá a dúnàádúrà ní Yorùbá nígbà tó fẹ́ gba owó rẹ̀ lè fi Yorùbá kan náà ṣàlàyé ohun tó tà fún un. Tí èdè wa bá tó láti fi ta ọjà, ó tó láti fi sọ àbùkù ọjà náà.

A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, torí a ti rí i. Àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò sí Mẹ́kà máa ń kó àwọn alálàájì jọ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ ìhúrámì, wọ́n á sọ fún wọn pé ọṣẹ àti ìpara olóòórùn dídùn kò bófin mu nígbà tí èèyàn bá wà nínú ìhúrámì, pé kí wọ́n ra èyí tí kò ní òórùn. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa rà àti ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀. Bí a bá lè ṣe èyí fún ìrìnàjò ẹ̀sìn, kí ló dé tí a kò lè ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ fún ìrìnàjò sí Paris?

Àwọn kan á tún ní kí ló wà nínú òrí tí a fi ń pariwo, ṣé wọn kò ta ìpara níbẹ̀ ni? Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, owó àti ìtìjú ni àdánù náà. Fún àwọn ará wa tó jẹ́ àfín, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara wọn kò ní èròjà dúdú tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn. Oòrùn máa ń jó wọn, ó ń dá egbò sí wọn lára, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ awọ tó ti pa púpọ̀ nínú wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n tó dàgbà. Ìpara oòrùn, èyí tí àwọn fáámásì wa ń pè ní crème solaire, kì í ṣe ohun oge fún wọn. Ó wà pẹ̀lú fìlà, aṣọ alápá gígùn àti gíláàsì ojú nínú ohun tí wọ́n fi ń gbé ayé. Ó sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ àfín tó fi owó oṣù bíi mélòó kan ra ìgò ńlá kan, tí wọ́n wá jù ú nù ní ibi àyẹ̀wò, kò ní ohun tí á fi pa ara nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn oníṣègùn awọ sọ pé àgbàlagbà nílò nǹkan bíi 30 mílílítà kó tó lè fi ìpara oòrùn pa gbogbo ara tán lẹ́ẹ̀kan, pé kó sì tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì tó bá wà nínú oòrùn. Ìgò 100 mílílítà kò ní kọjá ìgbà mẹ́ta. Ẹni tó bá ń pa á sí ojú, ọrùn àti ọwọ́ nìkan á lò ó pẹ́ díẹ̀. Nítorí náà, àfín tó ń rìnrìn àjò pẹ̀lú báàgì ọwọ́ ní láti mọ̀ ṣáájú pé èyí tó gbé lọ, ti ojú ọ̀nà àti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, kó sì ti ya owó sọ́tọ̀ láti ra òmíràn ní fáámásì ibi tó ń lọ. Òfin yọ̀ǹda oògùn tó ju 100 mílílítà lọ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà ó dára kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n kó má fi gbogbo ara gbé e, torí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa pinnu bóyá ìpara oòrùn jẹ́ oògùn tàbí kì í ṣe oògùn. Bí ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ èyí fún un, ó lè sàn fún un láti fi owó díẹ̀ kún un, kó gba àyè ẹrù ìsàlẹ̀.

Títí wọ́n á fi máa sọ fún wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún ara wa. Ẹ ra ohun ìwẹ̀ àti ìpara yín nílé, ẹ má dúró de pápákọ̀, torí gbogbo wa la mọ bí ọjà ibẹ̀ ṣe ń wọ́n. Ní Dantokpa, ní Ouando àti ní ọjà ńlá Lomé, ike òfìfo kéékèèké pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 100 mílílítà tàbí iye tó kéré sí i sí lára, kí ẹ bu òrí, àdín àti ìpara sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára. Ìpara oòrùn ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ike tó bá wá, kí ẹ ra kékeré, torí ọjọ́ tó máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà SPF tàbí FPS rẹ̀ wà lára ike náà. Ẹ wá èyí tó jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. SPF 30 ń dá nǹkan bíi 97 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jó awọ dúró.

Ohun tó bá le gbagidi kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ọṣẹ wíwẹ̀ tó le, kàn-ìn-kàn-ìn, pákò, àti ìpara oòrùn tó dì bí ẹfun nínú igi kékeré, gbogbo wọn lè kọjá. Ọṣẹ dúdú gba àkíyèsí. Èyí tó gbẹ, tó le bí òkúta, kò ní wàhálà. Èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí a rọ sínú igbá tàbí ike, wọ́n lè kà á mọ́ ìpara. Ẹ fi í sínú ike kékeré tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì gbé ìpara abóra. European Union kò gba hydroquinone láyè nínú ìpara awọ, awọ tí wọ́n bá sì ti bó, oòrùn a máa tètè jó o.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwọn ará wa tó ti ń gbé òkè òkun sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní Amẹ́ríkà máa ń lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbéra láti Miami lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean. Wọ́n á wọ ọkọ̀ òfurufú dé Miami pẹ̀lú báàgì ọwọ́ nìkan, òfin 100 mílílítà á sì dè wọ́n dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ni òfin yẹn wà fún. Ọkọ̀ ojú omi kò ka mílílítà ìpara. Nítorí náà, kí wọ́n ra ìpara oòrùn àti ohun ìwẹ̀ ní ìlú Miami lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, torí inú ọkọ̀ náà kò sí ọjà méjì tí èèyàn lè fi wé ara wọn. Kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ike náà dáadáa. Láti ọdún 2020, erékùṣù U.S. Virgin Islands ti fi òfin dè ìpara oòrùn tó bá ní oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene nínú, nítorí ó ń ṣèpalára fún iyùn inú òkun. Níbẹ̀ náà, ẹni tí kò béèrè ló máa pàdánù.

Ohun tí a ń béèrè fún kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Benin àti Tógò bi oníbàárà wọn ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó gba owó: kí lẹ fẹ́ gbé lọ? Tí ó bá dáhùn pé òrí àti àgbo wà níbẹ̀, kí wọ́n fi iye tíkẹ́ẹ̀tì tó ní àyè ẹrù ìsàlẹ̀ hàn án, kó yan èyí tó fẹ́ pẹ̀lú òye. Kí wọ́n ní ike 100 mílílítà kan àti àpò ọ̀rá lítà kan lórí tábìlì wọn, kí oníbàárà fojú rí i. Ike kan kò ju owó kékeré lọ.

Ìkejì, kí àwọn aláṣẹ pápákọ̀ fi àwòrán àti ohùn ní Yorùbá, Fọ̀n, Ẹ̀wẹ̀ àti àwọn èdè wa yòókù sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó sin arìnrìnàjò wá ṣì wà nítòsí láti gba ohun tí kò lè lọ padà sílé. Nígbà tí ìkéde bá wà ní ẹnu ẹ̀rọ àyẹ̀wò nìkan, ó ti pẹ́ jù. Àwọn rédíò wa tó ń sọ̀rọ̀ ní Yorùbá náà lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ ọ́ ní àsìkò ìsinmi.

Ìkẹta, ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀yin lẹ ń fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì yìí fún màmá yín. Ẹ̀yin ni oníbàárà, ẹ̀yin lẹ rí ibi tí wọ́n kọ báàgì ọwọ́ nìkan sí. Ẹ pe màmá. Ẹ má kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé omi. Ẹ dárúkọ òrí, ẹ dárúkọ àdín, ẹ dárúkọ oyin àti àgbo. Tí ẹ bá sì ń retí òrí ilé, ẹ fi owó ẹrù ìsàlẹ̀ kún un.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà náà pín sí méjì kò ní béèrè. Ẹni tó dúró sí oríta, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.